Ẹyẹ tó ń jẹ oyin lórí wáyà iná: ṣé ká lé e ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ (olùsìn oyin kan, Ìsẹ́yìn)

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àpótí oyin mẹ́jọ ni mo gbé sí oko kajú bàbá mi. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ti ń bà sórí wáyà iná tó gba òkè oko kọjá. Ara wọn dà bí ewé, ojú wọn funfun, ìlà dúdú yí wọn lọ́rùn, ìrù wọn sì ní okùn méjì tín-ín-rín tó gùn. Bí oyin bá ti jáde báyìí, wọ́n á já lù ú, wọ́n á gbé e padà sórí wáyà, wọ́n á máa nà án mọ́ ọn. Mo ka ogún lọ́jọ́ kan. Àpótí méjì ti ṣófo. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra rọ́bà, kí n máa fi òkúta lé wọn. Ẹlòmíràn ní kí n ta àtè. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù o, owó ni mo fi kan àpótí.

*

Àbúrò, má ta àtè. Mo fi èyí ṣáájú nítorí ó ṣeé ṣe kí o ti dé oko lọ́la kí o tó ka ìyókù tán, àtè kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe tán kó tó ronú.

Ẹyẹ tí o júwe yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Àtàrí dúdú, ojú funfun tí ìlà dúdú là kọjá, ọ̀fun funfun, ẹ̀gbà dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀, ara aláwọ̀ ewé, okùn ìrù méjì. Merops albicollis ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Ajoyin ọlọ́fun-funfun ni n ó máa pè é níbí, kí a lè mọ èyí tí à ń sọ, torí ajoyin kì í ṣe irú kan ṣoṣo ní Nàìjíríà. Láti ẹnu dé ìdí, láìka okùn ìrù mọ́ ọn, ó tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Okùn náà fúnra rẹ̀ lè gùn tó 12 sẹ̀ǹtímítà. Ara rẹ̀ kò wọ̀n ju bí 25 gíráàmù lọ. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ wúwo jù ú lọ dáadáa.

Àlejò ẹ̀ẹ̀rùn ni lọ́dọ̀ wa. Ibi tí wọ́n ti ń pa á wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Màlì, gba Nìjẹ̀r àti Ṣáàdì dé Sùdáànì àti Ethiopia, títí kan Yẹ́mẹ̀nì ní òdìkejì Òkun Pupa. Ilẹ̀ igi ẹlẹ́gùn-ún ni: igi wọn kò ga, wọ́n jìnnà síra, ìyanrìn ló sì wà láàárín wọn. Bí òjò bá ti dá níbẹ̀, tí kòkòrò abìyẹ́ tán lójú ọ̀run, wọ́n á dìde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á máa bọ̀ wá sí gúúsù lójú ọ̀sán, lókè réré, wọ́n á máa ké sí ara wọn. Láti bí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kárùn-ún ni a máa ń rí wọn níhìn-ín, lórí àwọn igi gíga létí igbó, àti lórí wáyà bíi tìrẹ yẹn.

Kí a tó máa bá ẹyẹ ṣẹjọ́, dá mi lóhùn ohun mẹ́ta. Àpótí méjì tó ṣófo yẹn, ǹjẹ́ o rí òkú oyin nílẹ̀ lábẹ́ wọn? Ṣé afárá ṣì wà nínú wọn, ṣé oyin mímu sì wà nínú afárá náà? Omi tó súnmọ́ oko jù lọ, báwo ló ti jìnnà tó nísinsìnyí?

*

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ láti àná, mo sì ti kà á tán. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ pín sí. Àwọn kan ní kí á pa á, nítorí ẹni tó ń jẹ oyin olóyin, olè ni. Àwọn kan ní kí á fi í sílẹ̀, nítorí ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Ìkẹta ni ti ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ẹyẹ náà kì í tilẹ̀ jẹ oyin, pé alápàǹdẹ̀dẹ̀ ni àbúrò wa rí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò gbà. Alápàǹdẹ̀dẹ̀ kì í gbé ohun tó mú padà síbì kankan. Bó ti ń fò ló ń ya ẹnu, inú afẹ́fẹ́ náà ló ti ń gbé e mì. Ajoyin ní tirẹ̀ a jókòó, a máa wo òkè wo ilẹ̀, a fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, a fi ẹnu hán kòkòrò, a sì padà síbi tó ti dìde. Ẹnu alápàǹdẹ̀dẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀. Ti ajoyin gùn, ó tín-ín-rín, ó tẹ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ká.

Ìdí tó fi ń padà sórí wáyà náà ni oró. Bó bá mú oyin tó lè ta á, yóò kọ́kọ́ gbá orí rẹ̀ mọ́ ibi tó bà lé. Lẹ́yìn náà yóò yí i padà, yóò di ìdí rẹ̀ mú, yóò wá máa fi ìdí náà ra ara ẹ̀ka tàbí ara wáyà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Oró á tú dànù, abẹ́rẹ́ ìdí á já mọ́ ọn nígbà mìíràn. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá ní awò aríran-jíjìn: ẹyẹ náà máa ń di ojú rẹ̀ bó ti ń rà á, kí oró má bàa ta sí i lójú. Ìgbà tó bá parí ni yóò sọ ọ́ sókè díẹ̀ nínú ẹnu, yóò sì gbé e mì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí èyí nígbà kan kò ní pè é ní alápàǹdẹ̀dẹ̀ mọ́.

Nítorí náà oyin ló ń jẹ lóòótọ́. Ìjà tó kù ni iye tó ń jẹ.

*

Ẹnìkan gbé ìṣirò kan wá lálẹ́ àná, mo sì rí i pé ó ti ba ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́rù. Ó ní ìwé sọ pé ẹyẹ ajoyin kan nílò kòkòrò 225 tó tóbi bí oyin lójúmọ́. Ó fi ogún ẹyẹ ọ̀dọ̀ àbúrò wa ṣe ìlọ́po, ó di 4,500 oyin lójoojúmọ́. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ kan bá fi kọjá, oko ti tú.

Mo mọ ibi tí 225 náà ti wá. Hilary Fry ló ṣe ìṣirò yẹn. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Záríà ní àwọn ọdún 1960, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn ajoyin ọlọ́fun-pupa tó ń gbẹ́ ihò sára bèbè odò. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà tán. Ohun tí ẹyẹ kan nílò láti fi bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ihò ni 225. Àwọn tó wà lórí wáyà ní Ìsẹ́yìn kò ní ọmọ nínú ihò. Ilẹ̀ yanrìn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń bímọ, nígbà òjò. Níhìn-ín, ikùn tiwọn nìkan ni wọ́n ń wá oúnjẹ sí, kì í sì í ṣe oyin nìkan ló ń wọ ikùn náà.

Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí èyí nítorí mo ti yẹ ìdí rẹ̀ wò fúnra mi. Ajoyin kì í lè dà èèpo líle ara kòkòrò nínú. A máa pọ̀ ọ́ jáde lẹ́nu bíi kóró dúdú kékeré, gígùn rẹ̀ kò ju ìkangun ìka ọwọ́ lọ. Lábẹ́ igi àràbà kan tí wọ́n máa ń sùn sí ní etí oko mi, mo ṣa ẹ̀kún agolo mílíìkì kan. Mo rẹ ẹ́ sómi mọ́júmọ́, mo dà á sórí aṣọ funfun, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Orí èèrà abìyẹ́ ló pọ̀ jù, kò sí ìfiwéra. Ìyẹ́ èsúnsún wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ agbọ́n, èèpo ẹ̀yìn kòkòrò líle oríṣiríṣi, apá lámilámi. Oyin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a ní láti wá a. Ọ̀sẹ̀ tí èèrà abìyẹ́ bá tú jáde, oyin a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tó ń lọ nínú àpótí. Nígbà òdòdó, ìyá oyin kan lè yé ju 1,000 ẹyin lọ lóòjọ́. Oyin tó ń jáde wá òdòdó kì í pẹ́ láyé: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nígbà iṣẹ́, apá ìparí rẹ̀ nìkan ló sì ń lò níta. Èyí tí ẹyẹ ń mú lójú ọ̀run, àwọn àgbà inú àpótí ni, tí ikú wọn ti súnmọ́lé. N ò sọ pé kò sí àdánù. Ohun tí mo ń sọ ni pé àpótí tó lágbára kì í ṣófo nítorí irú àdánù bẹ́ẹ̀.

*

Ìyá kan tó ní oko ọ̀pẹ béèrè bóyá ẹyẹ yìí náà ló ń jẹ ẹyìn òun, nítorí òun ti rí i lábẹ́ orí ọ̀pẹ pẹ̀lú èèpo pupa lẹ́nu. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀.

Ìyá wa, ojú yín kò tàn yín. Ó ń jẹ èèpo ẹyìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò já a. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń já a. Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ràn inú ẹyìn, kò sì fẹ́ràn èèpo òde tó lọ́ràá yẹn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a máa fi eyín bó o, a máa tu ú dànù. Àwọn ajoyin ọlọ́fun-funfun mọ̀ ọ́n. Wọ́n á dúró sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, bí èèpo bá ti ń já bọ̀, wọ́n á fò jáde, wọ́n á hán an kó tó kanlẹ̀, bí ẹni pé kòkòrò ni. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì yà wọ́n lẹ́nu, nítorí ìdílé ẹyẹ yìí kì í sábà jẹ nǹkan mìíràn ju kòkòrò lọ. Ohun tí ń gòkè ọ̀pẹ yín ni kí ẹ dẹ pańpẹ́ fún, bí ẹ bá fẹ́ dẹ ẹ́. Ẹyẹ náà, èèpo tí ẹ kò bá tilẹ̀ rí ló ń jẹ.

Ẹyẹ tí wọ́n pa sínú yanrìn gbígbẹ, níbi tí kò sí ọ̀pẹ kankan, tó wá dé ilẹ̀ ọ̀pẹ tó sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà jẹun lábẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́! Mo ti ń ronú sí i láti ọdún pípẹ́.

*

Àbúrò kan ní òun kò rí ìdí tí èmi fi ń gbèjà ẹyẹ tí kò ní ilé níbí. N ó sọ ọ́.

Apá Ngúrù ní Ìpínlẹ̀ Yòbè ni wọ́n rán mi lọ nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀. N ò mọ ẹyẹ kankan nígbà náà ju ẹyẹlé àti lékeléke lọ. Ilé tí mo gbé kángun sí pápá, pápá náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ: yanrìn, igi ẹlẹ́gùn-ún, ewúrẹ́. Nígbà tí òjò díẹ̀ ti rọ̀, mo rí i tí ilẹ̀ ń ta yanrìn sókè. Mo súnmọ́ ọn. Ihò ni, ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta yanrìn sẹ́yìn bí ajá tó ń gbẹ́lẹ̀. Kì í ṣe bèbè, kì í ṣe ògiri. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń gbẹ́ wọ̀, ihò náà á dagun lọ sísàlẹ̀ tó mítà kan tàbí méjì, kí wọ́n tó yé ẹyin bí mẹ́fà sí ìparí rẹ̀. Ewúrẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ wó. Ejò ń wọ̀ ọ́. Awọ́nríwọ́n ń gbẹ́ ẹ.

Èmi rò pé akọ kan, abo kan. Nígbà tí ọmọ là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń gbé oúnjẹ wọ inú ihò kan ṣoṣo, wọ́n sì ju méjì lọ. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe gìrìgìrì nítorí oòrùn. Ó di ìgbà tí mo ka ìwé kí n tó mọ̀ pé ìṣe wọn ni: ó lè tó ẹyẹ márùn-ún mìíràn tí yóò máa bá bàbá àti ìyá bọ́ ọmọ ihò kan. Nínú ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kúrú bẹ́ẹ̀, ẹnu méjì kò lè kó kòkòrò tó yóò tó.

Ẹlòmíràn yóò ní ìfẹ́ ni. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìfẹ́. Stephen Emlen àti Peter Wrege ṣe ìwádìí lórí ìbátan rẹ̀ kan ní Kẹ́ńyà, ajoyin oníwájú-funfun, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992: wọ́n rí bàbá tó ń lọ da ilé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rú, tó ń dí i lọ́nà ẹnu ihò, tí kò jẹ́ kó fún ìyàwó rẹ̀ lóúnjẹ, títí ọmọ náà fi fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ tó padà wá bá bàbá tọ́ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àkọ́bí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín.

Ìdí nìyẹn, àbúrò. Mo ti rí ilé tó ti wá. Bí o bá fi òkúta pa ọ̀kan lórí wáyà ní Ìsẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ihò kan wà nínú yanrìn lọ́dún tó ń bọ̀ tí ẹnu tó ń bọ́ ọmọ inú rẹ̀ yóò dín kan.

*

Wọ́n ní kí n má fi ìtàn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, pé ṣé èmi fúnra mi ò pa á rí. Mo pa á rí.

Ní oko àna mi ní apá Ìgbòho, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin, mo ní àpótí márùn-ún. Àwọn ajoyin dé, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, mo so ó pọ̀. Mo ta àtè sí orí ẹ̀ka gbígbẹ kan tí wọ́n fẹ́ràn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ajoyin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àti ẹyẹ mìíràn méjì tí n ò bá jà. Mo gbìyànjú láti tú wọn. Ìyẹ́ wọn ń tú mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú awọ ara. Kò sí èyí tó yè nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, n kò sì tíì gbàgbé bí wọ́n ti fúyẹ́ tó ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Àwọn ajoyin tó kù kò wá síbẹ̀ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, oyin mi ṣì kó kúrò nínú àpótí mẹ́ta. Afárá wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí ọmọ nínú rẹ̀, kò sí oyin mímu. Ìgbà tí mo rìn dé odò kékeré tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni mo tó mọ̀ pé ó ti gbẹ. Oyin nílò omi láti fi tu àpótí lára nígbà ooru. Bí kò bá rí omi, kò ní jókòó kú sílé. Yóò kó lọ. Ojú ẹyẹ ni mo ń wò, n kò wolẹ̀.

Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ẹyẹ ló jẹ ọ̀wọ́ oyin òun tán, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjàlọ, torí òru kan péré tó fún ìjàlọ láti kó àpótí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná igbó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oògùn apakòkòrò, èyí tó burú jù lónìí. Àwọn tó ń fi iná sun oyin lóru nínú ihò igi láti fi gba ìwọ̀nba ìgò mẹ́ta, wọ́n lè pa oyin lálẹ́ kan ju ohun tí ajoyin pa ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn.

*

Ẹ̀gbọ́n wa tí ń sin oyin láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì dáyé tako mi, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní, "O ń ka oyin tí ń ṣiṣẹ́. O kò ka ìyá."

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, mo sì dúpẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹyẹ yìí ti lè ba tèèyàn jẹ́. Ìyá oyin tó ti bá akọ pàdé, tó ti ń yé ẹyin nínú àpótí, kì í jáde àfi bí ọ̀wọ́ bá fẹ́ pín. Ṣùgbọ́n ìyá tuntun gbọ́dọ̀ jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó bá jáde láti inú ilé ìda rẹ̀, yóò fò lọ pàdé àwọn akọ lókè, ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mọ́lẹ̀ kedere. Ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, kò sì yára tó wọn. Bí ajoyin bá hán an, kò sí ẹyin tuntun nínú àpótí tí wọ́n lè fi tọ́ ìyá mìíràn mọ́. Àpótí náà yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi tán, ojú lásán yóò sì rò pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ni ẹyẹ jẹ tán.

Ẹ tún sọ ọ̀kan tí mo gbàgbé: bí ajoyin bá pọ̀ lójú ọ̀run, oyin a máa sé ara rẹ̀ mọ́lé. Mo ti rí i. Ẹnu àpótí á kún fọ́fọ́, kò sí ẹni tó ń fò jáde. Òdòdó wà níta, wọ́n ń jẹ èyí tó wà nílé. Ìyẹn náà jẹ́ àdánù, kò sì hàn nínú kíka òkú.

Ibi tí n kò ti bá yín lọ ni rọ́bà tí ẹ ní kí ó rà. Ogún tó bá pa lónìí, ogún mìíràn ń bọ̀ lọ́la, nítorí arìnrìn-àjò ni wọ́n, ojú ọ̀nà wọn ni oko rẹ̀ wà. Wáyà náà kò sì ṣeé gé.

*

Àbúrò wa ti padà wá pẹ̀lú èsì. Ó ní lábẹ́ àpótí kan, òkú oyin pọ̀ bí ẹ̀kún abọ́, ahọ́n wọn yọ síta. Olóko tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fín oògùn sí òdòdó kajú ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àpótí kejì ní afárá, ó ní oyin mímu díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyin, kò sí ọmọ. Omi kò jìnnà sí oko.

Ti àkọ́kọ́, oògùn ni. Ahọ́n tó yọ síta yẹn ló fi hàn. Má lọ bá olóko náà jà. Oko kajú kì í so dáadáa láìsí kòkòrò tó ń bà lórí òdòdó rẹ̀, ànfààní òun náà sì ni oyin rẹ. Mú oyin mímu dání lọ kí i. Bẹ̀ ẹ́ kó má fín oògùn nígbà tí òdòdó bá ń tú. Bó bá pọn dandan, kó fín in ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé, kó sì sọ fún ọ lọ́jọ́ tó ṣáájú kí o lè sé ẹnu àpótí mọ́júmọ́.

Ti ìkejì, ìyá ló sọnù. Ó lè jẹ́ ẹyẹ. N ò lè bá ọ sọ pé kì í ṣe ẹyẹ.

Nísinsìnyí, mẹ́fà tó kù. Má gbé wọn kiri. Bí o bá gbé àpótí lọ síbi tí kò jìnnà, àwọn tó jáde yóò padà síbi àtijọ́. Gé imọ̀ ọ̀pẹ, ta àtíbàbà kékeré sí iwájú àpótí kọ̀ọ̀kan, kó gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó má ga ju orí rẹ lọ. Oyin yóò máa jáde gba abẹ́ rẹ̀, yóò sì tú ká kó tó gòkè. Ajoyin nílò gbangba láti já. Kì í fẹ́ràn láti wọ inú imọ̀ lọ lépa nǹkan. Àpótí tuntun tí o bá fẹ́ gbé sílẹ̀, abẹ́ igi tó ní ewé dídí ni kí o gbé e sí, kó jìnnà sí wáyà yẹn. Má pín ọ̀wọ́ kankan nígbà tí àwọn ẹyẹ náà bá wà. Bí o bá rí i pé àpótí kan ti tọ́ ìyá tuntun fúnra rẹ̀, ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣí i, wá ẹyin. Bí kò bá sí, mú afárá kan tí ẹyin wà nínú rẹ̀ láti inú àpótí tó lágbára, fi fún wọn kí wọ́n tún tọ́ òmíràn.

Kí o sì máa wo wáyà náà láàárọ̀ bí o ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ní bí ìparí oṣù kẹrin, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù: mẹ́wàá, mẹ́ta, kò sí. Kọ ọjọ́ tí kò sí yẹn sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí òjò yóò fi dá ni o lè pín ọ̀wọ́, tí ìyá tuntun rẹ sì lè jáde. Padà wá sọ ọjọ́ náà fún wa níbí, torí mo fẹ́ fi wé ti Ìgbòho.